Ìgbà Wo Lẹ Rẹ́ Ọwọ́ Oakleaf Hydrangea Yín?

Lọ́dọọdún ni àwọn ará wa tó ń gbé Georgia ní Amẹ́ríkà máa ń bi mí pé kí ló dé tí oakleaf hydrangea tiwọn, igi kékeré tí wọ́n ń gbìn torí òdòdó rẹ̀, ń rúwé dáadáa ṣùgbọ́n tí kò yọ òdòdó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn: ìgbà wo lẹ rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kẹ́yìn?

Ara ẹ̀ka ọdún tó kọjá ni igi yìí ti ń yọ òdòdó. Kí ìgbà ìwọ́wé tó parí, ó ti rudi tọdún tó ń bọ̀ sílẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn ní December, kí ẹ fọwọ́ kan ṣóńṣó ẹ̀ka rẹ̀: ìrudi tó sanra, tó rọ̀ lọ́wọ́ bí àrán, lẹ ó bá níbẹ̀. Òdòdó oṣù June nìyẹn. Ẹni tó bá gbé sísọ́ọ̀sì jáde ní January torí kí ọgbà lè mọ́, òun gan-an ló ń gé e dànù. Ẹni tó ń bá mi gé koríko gé tèmi mọ́lẹ̀ báyìí lọ́dún kan. Ó dùn mí gan-an. Ewé lásán ni mo ń wò títí ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ (June sí August) fi parí. Tó bá di dandan kí ẹ gé e, ẹ gé e ní kété tí òdòdó bá ti ń rọ ní July.

Ohun tó ń sún ọ̀pọ̀ dé ìdí gígé yìí ni pé abẹ́ fèrèsé ni wọ́n gbìn ín sí, igi tó ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 8, tó sì ń fẹ̀ bẹ́ẹ̀! Bí àyè yín ò bá tó, ẹ béèrè irú rẹ̀ kúkurú tí wọ́n ń pè ní Ruby Slippers tàbí Pee Wee, tí kì í sábà ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ.

Omi tó dúró sídìí rẹ̀ tún ń pa á. Igi ìbílẹ̀ gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni, Alabama tilẹ̀ fi ṣe òdòdó igbó ìpínlẹ̀ wọn ní 1999. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè àti etí odò, lábẹ́ igi ńlá, ló ti ń hù fúnra rẹ̀, níbi tí omi ti ń sàn kọjá. Àwọn èèyàn á wá gbẹ́ kòtò sínú amọ̀ pupa Georgia, wọ́n á da ilẹ̀ dúdú tí wọ́n rà sí i. Kòtò á di ìkòkò, omi ò ní ríbi gbà, gbòǹgbò á jẹrà. Ewé á rọ, onílé á ṣebí òùngbẹ ni, á tún bomi sí i. Ẹ kọ ebè fún un bí ẹni fẹ́ gbin iṣu, kí orí gbòǹgbò rẹ̀ yọ díẹ̀ lórí ilẹ̀.

Ẹ má gbìn ín síbi tí oòrùn ò dé rárá. Kò ní kú, àmọ́ ewé tó yẹ kó pọ́n bí ọsùn, kó sì di elésè àlùkò nígbà ìwọ́wé, àwọ̀ rẹ̀ ò ní mú. Oòrùn àárọ̀ ló fẹ́, ibòji lọ́sàn-án. Ẹ má sì fi ajílẹ̀ sí i lópin ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, torí ọ̀mùnú tó bá yọ nígbà yẹn, òtútù á pa á.

Nígbà tí ewé bá wọ́ tán, ẹ tún fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èèpo ara rẹ̀ á máa bó ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, abẹ́ rẹ̀ á sì pọ́n bí erùpẹ̀ ilé wa, títí ìrudi yẹn á fi là.