Tí Ilé-Iṣẹ́ Bá Da Ìdọ̀tí Sódò: Ẹ Bu Omi Kí Ẹ Tó Wá Lọ́yà

Ẹjọ́ kan tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ló fa ìwé yìí. Àwọn alákùúrò àti àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ létí odò kan jí láàárọ̀, wọ́n bá omi tó dúdú bí aró, tó ń hó bí omi ọṣẹ. Ẹja ti yíkùn sókè. Wọ́n kó ẹja tó kú sin kó má baà rùn, wọ́n lọ sí ààfin, wọ́n ṣe ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni ẹnì kan tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n bu omi lọ fún àyẹ̀wò. Òjò ńlá méjì ti rọ̀ kó tó dìgbà náà. Omi tí wọ́n bù mọ́ ju ti kànga ilé mi lọ. Ní kóòtù, lọ́yà ilé-iṣẹ́ tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ka èsì àyẹ̀wò yẹn sókè ketekete, ó sì jókòó.

A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ro àkúrò tàbí bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ omi ẹja. Ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ohun tí a ń sọ tí ẹ kì í gbọ́ ni pé omi ìdọ̀tí kì í dúró de ìpàdé.

Ohun tí ilé-ẹjọ́ ti là sílẹ̀

Tẹ́lẹ̀, tí ẹgbẹ́ kan bá gbé ilé-iṣẹ́ lọ sí kóòtù nítorí odò, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Kí ló kàn yín níbẹ̀?" Tí kò bá lè fi hàn pé ìyà tó jẹ òun ju ti gbogbo ará ìlú lọ, wọ́n á da ẹjọ́ náà nù láìgbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Centre for Oil Pollution Watch. Ẹgbẹ́ náà pe NNPC, ilé-iṣẹ́ epo ìjọba, lẹ́jọ́ ní ọdún 2005. Wọ́n ní epo tú láti inú páìpù rẹ̀ ní Acha, ìpínlẹ̀ Abia, ó sì ba odò Ineh àti Aku jẹ́. Wọ́n fẹ́ kí odò náà padà sí bó ṣe wà, kí àwọn ará ibẹ̀ rí omi mìíràn mu, kí wọ́n sì rí ìtọ́jú ìlera gbà. Ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ dà á nù. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà dà á nù. Oṣù keje ọdún 2018 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ tó sọ pé ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́, bí kò tilẹ̀ ní oko létí odò náà.

Ibí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n fi jà kí wọ́n tó gba ẹ̀tọ́ àtisọ̀rọ̀ nìkan. Ìdájọ́ 2018 kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹni tó bá ti wọlé tán, ẹ̀rí ni yóò kó kalẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá rí i gan-an

Ike onílítà kan mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí. Kúlà kan. Téèpù, àti màkà tí omi kì í pa rẹ́.

Ibi mẹ́ta lẹ ó ti bu omi, ike méjì níbì kọ̀ọ̀kan: òkè odò, mítà 50 kó tó kan ẹnu páìpù tí ilé-iṣẹ́ fi ń da ìdọ̀tí sódò; ẹnu páìpù fúnra rẹ̀; ìsàlẹ̀ odò, mítà 100 sí páìpù. Òkè odò ni kí ẹ kọ́kọ́ bù, kí ìdọ̀tí ọwọ́ yín má baà ràn án. Ibẹ̀ náà lẹ sì máa ń fò! Láìsí omi òkè odò, ilé-iṣẹ́ á ní bí odò ṣe rí nìyẹn kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ẹ fi omi odò náà ṣan ike lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, ẹ ri ike náà bọ omi tó sẹ̀ǹtímítà 20, kó kún dé ẹnu kí ẹ tó dé e. Tó bá jẹ́ epo ni, ìgò gíláàsì ni kí ẹ lò, ẹ má ṣan án, ojú omi sì ni kí ẹ ti bù ú.

Ẹ kọ ibi, ọjọ́, aago àti orúkọ ẹni tó bù ú sára ike. Ẹ fi téèpù yí ìdérí, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí orí téèpù náà. Inú yìnyín ni kó wà, ṣùgbọ́n kó má dì. Kó dé ibi àyẹ̀wò láàárín wákàtí 24. Gbogbo ẹni tí ike bá ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé, ìbáà jẹ́ ọlọ́kadà. Ike kejì láti ibi kọ̀ọ̀kan ni ti iléeṣẹ́ àyíká ìpínlẹ̀ tàbí NESREA, iléeṣẹ́ àyíká ti ìjọba àpapọ̀. Ẹ gba ìwé pé wọ́n gbà á. Kí ẹ tó sin ẹja, ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ sì wé mẹ́ta sí márùn-ún sínú fọ́ìlì, kí ẹ kó wọn sínú yìnyín.

Ẹgbẹ́ yín ńkọ́?

Ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ẹgbẹ́ àti ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ pẹjọ́. Kí ó sì wà nínú òfin ẹgbẹ́ yín pé ìtọ́jú àyíká jẹ́ ara iṣẹ́ yín. Síbẹ̀, ẹ wá ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tó ń lo odò náà, kí wọ́n búra síwèé. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Friends of the Earth pe ilé-iṣẹ́ Laidlaw lẹ́jọ́ nítorí májèlé mẹ́kúrì inú odò North Tyger, ohun tó gbè wọ́n nílé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ọdún 2000 ni ìbúra àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé àwọn kò lè pẹja tàbí lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ mọ́ bí àwọn ṣe fẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ń gbé ní ìdajì máìlì sí ilé-iṣẹ́ náà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ: ìgbà tí ẹ bomi rin ẹ̀fọ́ kẹ́yìn, iye ebè tó gbẹ, iye owó tí ẹ fi ń ra omi báyìí.

Tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba lẹ fẹ́ pè lẹ́jọ́, oṣù mẹ́ta péré ni òfin fún yín. Tó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lẹ gbé ẹjọ́ náà lé, ìlànà ọdún 2009 kò jẹ́ kí ọjọ́ pa á, kò sì jẹ́ kí wọ́n bi yín pé kí ló kàn yín. Kí lọ́yà yín yan èyí tó yẹ, ṣùgbọ́n kí ó yàn án kíákíá.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gba àpò ìrẹsì kan lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, tí ẹ ń tẹ̀ka síwèé tí ẹ kò kà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Nínú ẹjọ́ tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ yẹn, méjì irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé síta. Ó sì dùn wá, torí àwọn tó tẹ̀ka sí i ni ẹja wọn kú jù.

Ilé akọ̀wé ẹgbẹ́ ni kí kúlà náà wà, kì í ṣe ilé ẹni tó máa ń rìnrìn àjò. Òru àti àsìkò òjò ni a ti rí i pé ilé-iṣẹ́ sábà máa ń tú omi ìdọ̀tí sílẹ̀, nítorí náà ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sínú kúlà, kí ẹ sì yan ẹni méjì tí ẹ lè kan ilẹ̀kùn wọn láago méjì òru.