Bí Mo Ṣe Sọ Láptọ́ọ̀pù Àǹtí Mi Jí ní Ìjẹ̀bú-Òde

Àbúrò màámi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin tó ń ta gàrí ní Òkè-Ajé. Láptọ́ọ̀pù tó fi ń ṣírò owó wọn ti gbó. Bó bá tàn án, á lọ gbé omi kaná, omi á hó, ẹ̀rọ ò tíì ṣe tán. Lọ́jọ́ kan ẹ̀rọ náà tún ní kí Àǹtí sanwó kó tó lè kọ nǹkan kún ìwé ìṣirò tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni!

Mo ní kó jẹ́ kí n fi Linux Mint, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, rọ́pò èyí tó wà nínú rẹ̀, kò ní í san kọ́bọ̀. Ó wò mí. "Ta ló ni ín? Kí ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́?"

Ìbéèrè gidi ni. Mo ní, "Àǹtí, ta ló kọ́ yín ní gàrí yíyan?" Ó ní ìyá àwọn ni. Mo bi í bóyá ìyá máa ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá wá wò ó. Ó ní rárá o, ẹnikẹ́ni tó bá ti dé ìdí agbada ló ń rí bí wọ́n ṣe ń rin ẹ̀gẹ́, iye ọjọ́ tí wọ́n fi í sílẹ̀ kó lè kan dáadáa, bí wọ́n ṣe ń fún un, tí wọ́n ń jọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ kan jù bẹ́ẹ̀ lọ, á fi ọjọ́ kan kún un. Síbẹ̀, ìyá ta gàrí títí ó fi darúgbó.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni open source, irú ètò tí Mint jẹ́, rí. Ẹ lè lo ètò náà bó ṣe wù yín, ẹ lè wo inú rẹ̀, ẹ lè tún un ṣe, ẹ lè fún ẹlòmíràn. Richard Stallman, ará Amẹ́ríkà, kéde iṣẹ́ GNU ní 1983, láti ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo èèyàn lè lò fàlàlà. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki nílẹ̀ Finland, gbé Linux jáde, ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́ Mint lé. Linux yìí náà ló wà nídìí Android, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ fóònù. Àǹtí yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Èyí náà?" Èyí náà ni.

Mo kọ́kọ́ kó gbogbo fáìlì rẹ̀ sórí flash kan, mo sì ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà tèmi láti rí i pé wọ́n pé. Ẹ má fo ibí yìí o. Mo wa Mint sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lóru, ẹ̀dà Xfce tó fúyẹ́, tó ń lọ bíi gígábáìtì 3. Mo fi ètò kan tó ń jẹ́ Etcher kọ ọ́ sórí flash kejì, èyí tí kò sí nǹkan pàtàkì lórí rẹ̀, torí gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀ ló máa pa rẹ́. Mo ki flash náà bọ láptọ́ọ̀pù, mo tàn án, mo ń tẹ F12 léraléra títí ó fi bi mí pé ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn lè lo bọ́tìnì mìíràn.

Mint máa ń ṣiṣẹ́ láti orí flash kí ẹ tó fi sínú ẹ̀rọ rárá, nítorí náà Àǹtí dán an wò fúnra rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dára, àfi Wi-Fi tí kò rí. Mo dúró kí bátìrì kún, torí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, wàhálà ni. Mo wá ní kí Mint pa ohun gbogbo tó wà nínú láptọ́ọ̀pù rẹ́ kó sì wọlé. Lẹ́yìn náà mo fi okùn so fóònù mi mọ́ ọn, ó fa dátà láti ibẹ̀, mo ṣí Driver Manager, ibi tí Mint ti ń wá ètò tó ń mú ẹ̀yà ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ó wá ohun tí Wi-Fi nílò rí. Mo pa á, mo tún un tàn, Wi-Fi dé.

LibreOffice, ètò ọ̀fẹ́ fún ìwé kíkọ àti ìṣirò, ti wà nínú rẹ̀. Mo kó àwọn fáìlì padà láti orí flash àkọ́kọ́. Ìwé ìṣirò ṣí, owó pé, fọ́ńtì nìkan ló yí padà. Mo wá lọ síbi ètò kíbọ́ọ̀dù, mo yan Nàìjíríà, mo sì yan Yorùbá lábẹ́ rẹ̀. Níbi orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ti ń jẹ́ "Sade" látọjọ́ tó ti pẹ́, Àǹtí pa S rẹ́, ó rọra tẹ Ṣ. Ó bọ́ sórí orúkọ tó tẹ̀ lé e. Kò dìde títí ó fi tún gbogbo wọn kọ.

Mo bá a ṣe ìwé ìṣirò tuntun, mo ní ẹni tó bá béèrè ni kó fún, kí wọ́n sì tún un ṣe bó ṣe bá wọn mu. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó gbà á. Nígbà tó padà fi hàn wá, ó ti fi òpó kan kún un fún àpò gàrí tí wọ́n tà láwìn. Àǹtí wò ó títí, ó ní, "Èyí ló sọnù nínú tiwa." Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí n bá òun fi sínú tòun náà.