Ìmúra fún Ìrìn Àjò Orí Omi lọ sí South Georgia àti Antarctica

Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo ẹyẹ pẹ́ńgúìnì àti síìlì, ẹranko inú òkun, ní ìhà gúúsù ayé ní láti béèrè ohun kan kí ó tó béèrè iye owó: èrò mélòó ni ọkọ̀ náà ń kó? IAATO, ẹgbẹ́ àwọn tí ń kó èrò lọ sí Antarctica, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, kò gbà kí èrò tí ó wà lórí ilẹ̀ níbì kan náà lé ní 100 lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí èrò inú rẹ̀ bá ju 500 lọ kì í sọ ẹnikẹ́ni kalẹ̀ rárá. Bí ọkọ̀ bá kó 90 èrò, gbogbo wọn lè jọ sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá kó 200, àwọn kan yóò máa dúró de àwọn yòókù, wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò lò lórí ilẹ̀ yóò sì dín kù. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ mú ọkọ̀ kékeré tí yàrá rẹ̀ há, kí ẹ fi ọkọ̀ ńlá tí yàrá rẹ̀ gbòòrò sílẹ̀, nítorí oorun nìkan ni a ń sùn nínú yàrá.

Oṣù tí ẹ máa lọ ni ó kàn. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta ni ọkọ̀ máa ń ná ọ̀nà yìí, nítorí ìgbà náà ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tí yìnyín ojú òkun sì ń là. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ọmọ pẹ́ńgúìnì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin ní Antarctica, kí ó lọ ní ìparí oṣù Kejìlá tàbí nínú oṣù Kìn-ín-ní. Ẹni tí àbùùbùtán jẹ lógún jù, oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ló dára fún un. Ti pẹ́ńgúìnì ọba ní erékùṣù South Georgia yàtọ̀, nítorí ó ń gbà wọ́n ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó tọ́ ọmọ kan dàgbà, nítorí náà kò sí oṣù tí ẹ kò ní bá ọmọ wọn níbẹ̀. Ní St Andrews Bay, wọ́n ju 100,000 lọ ní etíkun kan ṣoṣo. Ìrìn àjò tí ó bá kan erékùṣù yìí máa ń sún mọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó rẹ̀ sì ga, ṣùgbọ́n bí agbára bá ká a, ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò.

Ushuaia, ní Ajẹntínà, ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń gbéra. Ẹ dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, nítorí bí ẹrù yín bá ṣìnà nínú ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ojú omi kò ní dúró dè é. Ẹ sì rí i pé ìwé ìbánigbófò yín kan gbígbé aláìsàn jáde láti Antarctica, nítorí kò sí ilé ìwòsàn lójú ọ̀nà yàtọ̀ sí dókítà inú ọkọ̀.

Ọkọ̀ tí ó bá kọrí sí Antarctica tààrà yóò la Drake Passage, òkun tí ó wà láàrin Gúúsù Amẹ́ríkà àti Antarctica, kọjá fún bí ọjọ́ méjì, ìgbì ibẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ẹ lo oògùn èébì kí ọkọ̀ tó dé ojú agbami, nítorí bí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, oògùn kì í dúró nínú mọ́. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ méjèèjì gbé nǹkan bí ẹ bá ń rìn nínú ọkọ̀, ẹ má sì di etí ilẹ̀kùn mú, nítorí bí ọkọ̀ bá yẹ̀ lójijì, ilẹ̀kùn yóò pa dé mọ́ ìka.

Ní ti aṣọ, ẹ wọ aṣọ irun àgùntàn tẹ́ẹ́rẹ́ sísàlẹ̀, èyí tí ó nípọn lé e, kí ẹ wá fi èyí tí omi kò lè wọ̀ bò ó. Òwú kò dára, nítorí bí ó bá tutù, kì í tètè gbẹ. Ẹ má gbàgbé ìgò ojú fún oòrùn tí ń ta lórí yìnyín.

Ìmọ́tótó ni ibi tí ọ̀pọ̀ èrò kò kà sí, tí ó sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ọdún 2018 ni wọ́n kéde pé eku ti tán ní South Georgia, lẹ́yìn iṣẹ́ ọdún púpọ̀, kí àwọn ẹyẹ tí ń yé ẹyin sílẹ̀ lè rí ìsinmi. Nítorí náà, kí ẹ má bàa gbé ohun àjèjì mìíràn wọ ibẹ̀, kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, ẹ tú gbogbo àpò aṣọ síta, ẹ fi abẹ́rẹ́ yọ irúgbìn koríko tí ó há sí ojú Velcro, ìdè aṣọ tí ń lẹ̀ mọ́ra, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fọ ẹrẹ̀ kúrò nínú gbogbo ojú ìlà àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba erékùṣù náà máa ń wọ inú ọkọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìgbà tí àrùn ẹyẹ H5N1 ti dé ibẹ̀ ní 2023, èrò kò gbọ́dọ̀ jókòó, kúnlẹ̀ tàbí gbé àpò kalẹ̀ nítòsí ẹranko.

Ọkọ̀ rọ́bà ni yóò gbé yín dé èbúté. Bí ẹ bá ń wọ̀ ọ́, ẹ di apá amọ̀nà mú lókè ọrùn ọwọ́, kí òun náà di tiyín mú bẹ́ẹ̀, nítorí ìka tí ó tutù máa ń yọ̀ kúrò nínú ìka. Lórí ilẹ̀, ẹ fi mítà 5 ó kéré tán sílẹ̀ láàrin yín àti pẹ́ńgúìnì, kí ẹ sì fi mítà 15 sílẹ̀ fún síìlì onírun, tí ó máa ń sáré lé ènìyàn, tí ó sì ń buni jẹ. Bí pẹ́ńgúìnì bá fúnra rẹ̀ súnmọ́ yín, ẹ dúró jẹ́ẹ́ títí yóò fi lọ. Bí ẹsẹ̀ yín bá sì rì sínú òjò dídì, ẹ wa òjò dídì dí ihò náà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, nítorí pẹ́ńgúìnì tí ó bá jábọ́ sínú rẹ̀ lè má rí ọ̀nà jáde.