Ìjẹ oníyọ̀ fún ará Òṣogbo tó fẹ́ pẹja lọ́sà

Ẹja wà nínú omi igbó Ọ̀ṣun tiwa, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni pípa wọn. Ẹni tí ọwọ́ bá ń yún láti ju ìwọ̀ ní Òṣogbo, kó tẹ̀ lé odò náà lọ síbi tó ń ṣàn sí, ìyẹn ọ̀sà Lẹ́kí, kó wọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀nà jìn. Ìjẹ tútù tẹ́ ẹ bá gbé kúrò nílé láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó dé Ìjẹ̀bú-Òde, á ti máa rùn débi tí awakọ̀ á fi máa wò yín nínú dígí. Ìdí rèé tí mo fi ń fi iyọ̀ sí tèmi.

Ṣáwà ni mo fẹ́ràn jù. Ó lọ́ràá, òórùn rẹ̀ sì ń jáde dáadáa nínú omi. Lásìkò òjò tí ọ̀sà bá dàrú, òórùn yẹn ṣe pàtàkì, torí ẹja ò ríran jìnnà. Ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja yìnyín, kẹ́ ẹ gé e nígbà tó ṣì gan díẹ̀. Ẹ là á, ẹ yọ egungun àárín, ẹ fi awọ sílẹ̀. Ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kó tó ìka kan. Ẹ da iyọ̀ sísàlẹ̀ ike, ẹ to ẹja lé e, ẹ tún da iyọ̀ bò ó, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ike á fi kún. Ẹ má ṣahun iyọ̀ o. Lọ́jọ́ kejì, ẹ da omi tó sun sísàlẹ̀ nù, ẹ fi iyọ̀ tuntun sí i, títí omi ò fi ní sun mọ́. Á ti le nígbà yẹn, á máa tẹ̀ bí awọ bàtà. Ẹ dé e pa, ẹ gbé e sí fíríìjì.

Àwọn kan ń lo ìfun adìyẹ. Ìyàwó mi ò gbà á nínú fíríìjì rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Télọ̀ ni mí, òwú ò wọ́n mi. Ẹ gún ìwọ̀ láti apá ẹran kó yọ lápá awọ, ẹ wá fi òwú wé ìjẹ náà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ṣóńṣó ìwọ̀ yọ síta. Epìyà wẹ́wẹ́ ló ń dààmú wa lọ́sà: wọ́n á máa já ìjẹ tútù jẹ díẹ̀díẹ̀ títí á fi ku irin lásán. Èyí tí iyọ̀ ti mú le kì í tètè já fún wọn, á dúró de ọ̀bọ̀kún, ẹja tá à ń wá gan-an. Ẹ kọ́kọ́ rì í sómi kó rọ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó jù ú.

Ìsàlẹ̀ omi ni ọ̀bọ̀kún ti ń jẹun, torí náà ẹ so òjé mọ́ okùn. Ẹ ní kí ọlọ́kọ̀ dúró sí etí ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jìn. Iwájú ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ so okùn ìdákọ̀ró mọ́. Tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́, ìgbì lè dà á dé. Ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Mo dìde lẹ́ẹ̀kan láti ju ìwọ̀, bàbá ọlọ́kọ̀ ní, “Télọ̀, ṣé o lè lúwẹ̀ẹ́?” Mo ní, “Rárá, Bàbá.” Wọ́n ní, “Jókòó.”

Tí ọ̀bọ̀kún bá ń tọ́ ìjẹ wò, ẹ má tíì fà. Tó bá gbé e lọ, ẹ fà á ṣinṣin. Ẹ̀gún mẹ́ta ló ní, ọ̀kan lẹ́yìn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo rẹ̀ ló sì máa nà gan-an tó bá kúrò lómi. Ẹ fi àkísà dì í mú, ẹ fi pláyà yọ ìwọ̀.

Ìjẹ tí kò bá tíì kan omi, ẹ dá a padà sínú iyọ̀. Èyí tó ti kan omi, ẹ dà á sọ́sà.