Bí a ṣe ń fi owó sórí káàdì béésìbọ́ọ̀lù

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, wọ́n ta káàdì kan ṣoṣo ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là. Àwòrán Mickey Mantle, ẹléré béésìbọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ New York Yankees, ló wà lórí rẹ̀, iléeṣẹ́ Topps ló sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1952. 50,000 dọ́là ni ẹni tó tà á fi rà á ní 1991. Irú ìròyìn báyìí ló ń mú kí àwọn èèyàn sáré lọ ra káàdì ní páálí páálí, tí owó wọn á sì wọgbó. Owó wà nídìí káàdì lóòótọ́, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń pa á wọlé. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń dá wọ̀nyẹn mọ̀ kí ẹ tó na kọ́bọ̀.

1. Ẹ mọ ohun tó ń mú káàdì wọ́n

Ẹ wo ẹni tó wà lórí rẹ̀, iye tó ṣẹ́ kù nínú irú rẹ̀, àti bí ara rẹ̀ ṣe mọ́ tó. Káàdì Mantle yẹn kọ́ ni àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún un. Ti iléeṣẹ́ Bowman, ọdún 1951, ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n ti 1952 wà lára àwọn tó jáde kẹ́yìn lọ́dún náà, nígbà tí sáà béésìbọ́ọ̀lù ti ń parí lọ, tí ọkàn àwọn ọmọdé ti kúrò níbẹ̀. Ọjà kù sílẹ̀ rẹpẹtẹ. Sy Berger, tó ṣiṣẹ́ ní Topps, sọ pé ní 1960 àwọn kó èyí tó kù sínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn sì lọ dà á sínú òkun Àtìláńtíìkì.

Ti nǹkan bí 1987 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn iléeṣẹ́ tẹ káàdì ní àtẹ̀jù nígbà náà, àwọn tó rà á sì tọ́jú rẹ̀ bí ojú. Kódà káàdì ẹléré Ken Griffey Jr. tí iléeṣẹ́ Upper Deck ṣe ní 1989, tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló ti gba máàkì 10, èyí tó ga jù lọ lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń yẹ káàdì wò. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ta páálí káàdì 1990 fún yín ní owó gọbọi, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

2. Ẹ yan ibi tí ẹ máa gbájú mọ́

Èrò tèmi ni pé káàdì ọdún àkọ́kọ́ àwọn ẹléré tó ti fẹ̀yìn tì, tí orúkọ wọn ti wọ Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni béésìbọ́ọ̀lù ní Cooperstown, ló yẹ olùbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ti wà nílẹ̀, kò sí ohun tó lè bà á jẹ́ mọ́. Ọ̀dọ́mọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù lónìí lè fi apá ṣèṣe lọ́la, kí owó káàdì rẹ̀ já wálẹ̀. Ní ti páálí tí ẹnikẹ́ni kò tíì já, tẹ́tẹ́ ni.

3. Ẹ wádìí iye tí wọ́n san

Iye tí ẹni tó ń tà á pè é kì í ṣe iye rẹ̀. Lórí eBay, ẹ yan àwọn tí wọ́n ti tà nìkan, kí ẹ wo mélòó kan tí máàkì wọn dọ́gba.

4. Ẹ yẹ káàdì náà wò fínnífínní

Ẹ jókòó sídìí iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Etí káàdì ni kí ẹ fi ìka dì mú, ẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá wọ́n ṣì mú tàbí wọ́n ti wú. Ẹ fi etí funfun apá ọ̀tún wé ti òsì: bí ọ̀kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, àwòrán kò sí láàárín, máàkì á já nìyẹn. Ẹ wá rọra yí i síbi ìmọ́lẹ̀. Ibi tí nǹkan ti ha á tàbí tó ti ká rí á hàn. Ẹ wo ẹ̀yìn náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú rúlà. Láti 1957, káàdì Topps jẹ́ íǹṣì 2½ sí 3½. Ti 1952 tóbi jù bẹ́ẹ̀. Topps fúnra rẹ̀ tún ti 1952 tẹ̀ ní 1983 ní ìwọ̀n kékeré, nítorí náà rúlà lásán lè gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà á bí ògidì. Àwọn kan tún máa ń gé etí káàdì kí igun rẹ̀ lè mú. Bí káàdì Honus Wagner, ẹléré ayé àtijọ́, èyí tó lókìkí jù, ṣe rí nìyẹn, èyí tí iléeṣẹ́ PSA fún ní máàkì 8: ní 2013, Bill Mastro tó tà á tẹ́lẹ̀ jẹ́wọ́ ní kóòtù pé òun gé etí rẹ̀.

5. Ẹ ra èyí tó ti gba máàkì

PSA, SGC àti Beckett máa ń fún káàdì ní máàkì láti 1 dé 10, wọn á sì dì í sínú ike. Ẹ tẹ nọ́ńbà tó wà lára ike náà sórí ìkànnì iléeṣẹ́ tó fún un ní máàkì, nítorí wọ́n ń ṣe ayédèrú ike pẹ̀lú. Bí ẹ bá fẹ́ fi tiyín ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ ṣírò bóyá èrè rẹ̀ á ju owó iṣẹ́ lọ.

6. Ẹ tọ́jú rẹ̀

Èyí tí kò sí nínú ike, ẹ kọ́kọ́ fi sínú ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ tó fi sínú ike líle. Ẹ má fi rọ́bà dì í, ẹ má nù ún, ẹ gbé e jìnnà sí oòrùn àti ọ̀rinrin.

7. Nígbà títà

Ìkànnì tàbí ilé gbàǹjo á gba làádá. Ní Amẹ́ríkà, owó orí ìjọba àpapọ̀ lórí èrè irú ohun báyìí, tó bá ti lé lọ́dún kan lọ́wọ́ yín, lè tó 28%. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti rà á ni kí ẹ ti tọ́jú rìsíìtì, torí iye tí ẹ fi rà á ni wọ́n máa yọ kúrò kí wọ́n tó ṣírò èrè yín.