Bí a ṣe ń fi awọ tó bọ́ mọ akọ àti abo taràńtúlà

Ẹ má da awọ tí taràńtúlà yín (aláǹtakùn ńlá onírun) bá bọ́ nù. Òun ló dájú jù láti mọ akọ yàtọ̀ sí abo kó tó dàgbà tán. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà sì wà níbẹ̀: abo ọ̀pọ̀ irú wọn lè lo ọdún 15 sí 20, nígbà tí akọ tó bá ti bọ́ awọ ìkẹyìn kì í sábà lò ju oṣù díẹ̀ sí ọdún kan tàbí méjì lọ.

Bí taràńtúlà bá nà gbalaja tó dojú ikùn sókè, kò kú o, awọ ló ń bọ́. Ẹ fi í sílẹ̀. Ìgbà tó bá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ náà ni kí ẹ tó fi ẹ̀mú gígùn fa awọ náà jáde, nítorí bí awọ náà bá pẹ́ níbẹ̀, taràńtúlà lè rún un wómúwómú. Lásìkò ọyẹ́ ní Àbújá, awọ ikùn máa ń gbẹ kó jọ bí ewé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá tú u ní gbígbẹ, ibi tó fẹ́ wò gan-an ló máa kọ́kọ́ ya.

Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ ẹ̀kán kan sí, fún bí ìṣẹ́jú 30. Bó bá jẹ́ irú ti Amẹ́ríkà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́: irun tó ń yúnni lè ṣì wà lára awọ náà, kò sì gbọdọ̀ kan ojú. Irú ti Áfíríkà, bíi Hysterocrates gigas ti Kamẹrúùnù, kò ní irun yẹn.

Apá ikùn ló rún jọ bí ọ̀rá lẹ́yìn ibi tí ẹsẹ̀ parí sí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti igi ìtayín tẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, kí inú rẹ̀ kọjú sókè. Ẹ ó rí àmì funfun mẹ́rin, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ nìyẹn. Láàrin méjì tó sún mọ́ ẹsẹ̀, ìlà kan wà ní ìbú. Ẹ rọra fi orí búrọ́ọ̀ṣì họ ibẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi fóònù yà á. Bí nǹkan bá gbérí bí ahọ́n kékeré, tàbí bí ìwo méjì kúkúrú, àpò tí abo ń tọ́jú àtọ̀ sí nìyẹn. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, akọ ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni wíwo ẹ̀yìn awọ dípò inú. Omi tún máa ń lẹ ahọ́n yẹn mọ́ awọ, abo á wá dà bí akọ. Ẹ tún un họ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ìnà ẹsẹ̀ taràńtúlà náà, láti orí ẹsẹ̀ kan dé orí èyí tó wà ní òdìkejì, kò bá tíì tó sẹ̀ǹtímítà 5, ojú lásán kò lè tó o. Ẹ dúró de awọ tó kàn.

Akọ tó dàgbà kò nílò awọ: orí ọwọ́ kékeré méjèèjì iwájú rẹ̀ á wú bí ìbọ̀wọ́ afẹ̀ṣẹ́jà, ìkọ́ sì lè yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn irú kan kì í ní ìkọ́.