Mọ́sà Ìyá Àgbà: Ohun Tí Ọwọ́ Mọ̀ Tí Ẹnu Kò Sọ

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dín mọ́sà yìí, àkàrà ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó tó jọ ti Ìyá Àgbà. Àwọn ló bí Màámi. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí Ojúde Ọba bá ti dé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, agbada wọn ti máa ń wà lórí iná kí àlejò tó wọlé. Wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rí. Bí a bá bi wọ́n pé ìyẹ̀fun mélòó ni, wọ́n á ní, "Bu èyí tó bá tó."

Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mẹ́rin lọ́jà Òkè-Ajé. Àwọn tí èèpo wọn ti dúdú, tí wọ́n sì ti rọ̀, ni mo ṣà. Púpọ̀ nínú sítáàṣì irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti di ṣúgà, ìdí nìyẹn tí mọ́sà wa kì í fi gba ṣúgà rárá. Àmọ́ èyí tó bá ti hu funfun tàbí tó ń rùn, ẹ dà á nù.

Nígbà àkọ́kọ́, ìyẹ̀fun pọ̀ jù, ó di bọ́ǹsì, ẹnu ò mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Nígbà kejì mo dín ìyẹ̀fun kù, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì mu òróró yó. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo bá pe Màámi.

Wọ́n dé ní Sátidé, wọ́n sì ká apá aṣọ sókè. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí gbogbo nǹkan gba inú agolo mílíkì yìí kọjá kí ẹ tó dà á." Bí mo ṣe rí i kọ nìyẹn: ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin, ìyẹ̀fun agolo mílíkì kan àti ààbọ̀, yíìsì ṣíbí kékeré kan, ata rodo kan, ààbọ̀ àlùbọ́sà, iyọ̀ díẹ̀. Kò sí omi, àfi èyí tí wọ́n fi po yíìsì.

Wọ́n po gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì fọwọ́ lù ú láti ìsàlẹ̀ wá sókè, bí ẹni ń lu ẹ̀wà àkàrà. Wọ́n da ọmọrí dé e, wọ́n sì lọ ṣe àlùwàlá. Wọ́n kírun Àìlá, wọ́n kí ìyá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa lójú fèrèsé. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ó ti wú, ó ń yọ ihò tín-ín-tín. Ìṣẹ́jú 45! Mo kígbe. Yíìsì ti ń jẹ ṣúgà ọ̀gẹ̀dẹ̀, afẹ́fẹ́ tó tú jáde ló gbé e. Ìyá Àgbà náà máa ń lọ kírun lẹ́yìn tí wọ́n bá pò ó tán. Wọn ò kà á mọ́ oúnjẹ sísè, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi sọ fún wa rí.

Iná kò gbọdọ̀ pọ̀. Ṣúgà inú rẹ̀ tètè máa ń jó, ìta á dúdú, inú á sì wà ní tútù. Ẹ fi ìka kan omi kí ẹ tó dá a sí òróró. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló dín èyí tó kẹ́yìn. Tirẹ̀ ò ṣe roboto, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sì jẹ ẹ́ tán láti inú asẹ́ nígbà tó ṣì ń jóni lọ́wọ́.

Ìṣẹ́jú 45 ni mo kọ sínú ìwé. Màámi ní kí n kọ ìrun náà sí i, nítorí bí ìyá wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo kọ ọ́.